Iṣẹ́ Wo Ló Ń Dúró De Èwo? Àlàyé Lórí Ìṣàkóso Iṣẹ́ Àkànṣe

Bí ọ̀pọ̀ wa bá gbọ́ project management, ìyẹn ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ilé iṣẹ́ ńlá, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi owó gọbọi ṣe ìdánwò rẹ̀, ìpàdé orí Zoom tí kì í tán, àti ojú kọ̀ǹpútà tó kún fún àpótí aláwọ̀ mèremère. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Ó kàn wọ́n. Ẹni tó ń kọ́lé sí Ìkòròdú, ẹni tó ń múra ìgbéyàwó ọmọ, ẹni tó fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ sí òkè òkun, gbogbo wọn ló ń ṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe, yálà wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi owó san án, yóò fi àkókò san án, yóò sì tún fi oorun rẹ̀ san án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààlà. Iṣẹ́ àkànṣe ni iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní òpin, tí ohun kan pàtó yóò sì tinú rẹ̀ jáde. Obìnrin tó ń ta ata ní Bódìjà lójoojúmọ́, iṣẹ́ ajé ló ń ṣe, torí pé bó ṣe ṣe é lónìí náà ni yóò ṣe é lọ́la. Àmọ́ bó bá pinnu pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta, kí òun gba ṣọ́ọ̀bù kejì, kí òun sì ṣí i kó tó di ọdún Iléyá, ìyẹn ti di iṣẹ́ àkànṣe. Àwọn méjèèjì kò gba ọgbọ́n kan náà. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ fẹ́ kéèyàn máa ṣe é déédéé. Iṣẹ́ àkànṣe fẹ́ kéèyàn mọ ibi tó ń lọ kó tó gbéra, nítorí kò tíì ṣe irú rẹ̀ gan-an rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé: wọ́n gbà pé ètò ni kéèyàn kọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀, kó sì máa fàlà sórí ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń parí. Àkọsílẹ̀ dáa, n kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ lásán kì í sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù: iṣẹ́ wo ni kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí òmíràn bá ti parí? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá lè dáhùn rẹ̀ dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí, bí kò bá tilẹ̀ ní ju bírò àti ìwé ọmọ ilé-ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbéyàwó kan tó ku ọ̀sẹ̀ 12. Ìdílé méjèèjì ti gbà pé aṣọ òkè ni àwọn yóò wọ̀, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n sì ti fẹ́ kí wọ́n hun ún. Aṣọ òkè tí wọ́n ní kí wọ́n hun fún ẹbí kì í ṣe aṣọ téèyàn ń dédé wọ ọjà lọ rà bó bá ku ọjọ́ méjì. Ahunṣọ gbọ́dọ̀ rí òwú rà, kó ta á, kó gbé e sórí òfì, kó wá máa hun ún ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí íǹṣì 4 sí 6 lọ. Àwọn ọ̀já wọ̀nyí ni wọn yóò gé, tí wọn yóò sì rán pọ̀ létí létí kó tó di ìró, gèlè, ìpèlé tàbí agbádá. Bí òwú kò bá tíì dé, òfì ò lè gbéra. Bí ẹbí kò bá sì tíì fẹnu kò lórí àwọ̀, ta ni yóò ra òwú?

Ká wá fi iye sí i. Ká ní fífẹnukò lórí àwọ̀ gba ọ̀sẹ̀ 1, rírà òwú àti híhun aṣọ gbogbo ẹbí gba ọ̀sẹ̀ 5, gbígba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn àti pípín aṣọ fún wọn gba ọ̀sẹ̀ 1, télọ̀ sì fẹ́ ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ rò ó pọ̀: ọ̀sẹ̀ 10. Nínú ọ̀sẹ̀ 12 tó wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ 2 péré ni àyè tó ṣẹ́ kù. Ẹ wá wo apá kejì. Rírí gbọ̀ngàn gbà àti sísan owó rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ 1, títẹ ìwé ìpè gba 2, pípín in káàkiri gba 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, àyè ọ̀sẹ̀ 6 sì wà níbẹ̀. Ti alásè ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: bí a bá ti mọ iye àlejò, ọ̀sẹ̀ 2 tó o láti kọ ohun tó fẹ́ rà àti láti lọ ra á.

Ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó gùn jù yẹn, èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 10, ni àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun ń pè ní critical path. Òun ló ń pinnu ọjọ́ tí gbogbo nǹkan yóò parí. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ibi tí owó ti ń jáde jù ló wà. Gbọ̀ngàn àti oúnjẹ ló ń kó owó lọ, òun náà sì ni wọ́n ń pariwo lé lórí nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ bí ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ bá fi ọ̀sẹ̀ 3 fa ọ̀rọ̀ àwọ̀ dípò 1, àyè ọ̀sẹ̀ 2 náà ti lọ tán pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó bà jẹ́, kò sí ẹni tó bínú, gbogbo èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ọjọ́ tí ahunṣọ bá fi pẹ́, ara ọjọ́ télọ̀ ni yóò ti bù ú, télọ̀ náà ni wọn yóò sì bá jà ní òru ọjọ́ Ẹtì. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ télọ̀ ilẹ̀ wa ló ń jẹ ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn.

Ìmọ̀ yìí tún ń gbani lọ́wọ́ ìnáwó asán. Bí a bá fẹ́ kí aṣọ tètè jáde, sísan owó alásè ní oṣù méjì ṣáájú kò ní fi wákàtí kan yá a. Inú ọ̀wọ́ tó gùn jù nìkan ni ìyára ti lè wá. A lè wá ahunṣọ kejì kí ọ̀sẹ̀ 5 lè di 3. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ẹ ra gbogbo òwú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó pín in fún ahunṣọ méjèèjì, torí pé òwú tí wọ́n pa láró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu, fọ́tò ọjọ́ ayẹyẹ yóò sì tú àṣírí rẹ̀. A tún lè ní kí télọ̀ wọn gbogbo èèyàn sílẹ̀ nígbà tí aṣọ ṣì wà lórí òfì. Ara èèyàn ló ń wọ̀n, kò nílò aṣọ fún ìyẹn. Ìbéèrè bíi “kí ló lè bẹ̀rẹ̀ lónìí láìdúró de ẹnikẹ́ni?” lè dá odindi ọ̀sẹ̀ kan padà fúnni láìná kọ́bọ̀. Bí ọ̀wọ́ aṣọ bá sì kúrú débi pé ti ìwé ìpè wá gùn jù ú lọ, ẹ yí ojú sí ìwé ìpè. Ọ̀wọ́ tó gùn jù lè yí padà nígbàkigbà, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a máa tún un ṣírò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kì í ṣe àná ni wọ́n ti ń ronú báyìí. Karol Adamiecki, ẹnjiníà ọmọ Poland, ti yàwòrán irú ètò yìí ní 1896. Henry Gantt ti Amẹ́ríkà sọ tirẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1915: ìlà gbọọrọ kan fún iṣẹ́ kan, ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí ni ọjọ́ ìparí. Títí dòní, àwòrán Gantt ni wọ́n ń pè é. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yà á nígbà náà kò fi iṣẹ́ tó ń dúró de òmíràn hàn kedere. Ọdún 1957 ni Morgan Walker ti ilé iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, jókòó ti ìṣirò ọ̀wọ́ tó gùn jù, nítorí DuPont fẹ́ máa kọ́ ilé ìṣe-kẹ́míkà kí wọ́n sì máa tún wọn ṣe láìfi àkókò ṣòfò. Láàárín àkókò kan náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ohun ìjà Polaris, wọ́n sì pe tiwọn ní PERT. Kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n fi ṣe é nígbà náà. Ti ìgbéyàwó tàbí ti ilé kíkọ́, ojú ewé kan tó o.

Ohun mìíràn tó ń da iṣẹ́ rú ni pé a kì í sọ ohun tí òpin jẹ́. Ẹni tó wà ní London tó ń kọ́lé sí Ìbàdàn mọ gbólóhùn yìí dunjú: “Ó ti kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n.” Ó kù díẹ̀ ní oṣù kẹta, ó kù díẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, owó sì ń lọ. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè má parọ́ rárá. Ó ń sọ bó ṣe rí lójú tirẹ̀ ni, torí kò sí òṣùwọ̀n kankan tí àwọn méjèèjì jọ gbé kalẹ̀. Ohun tó ń wo èyí sàn ni kí a gé iṣẹ́ náà sí ipele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ohun téèyàn lè dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé páípù wáyà iná ti wọ inú ògiri gbogbo yàrá kí wọ́n tó rẹ́ ẹ? Ṣé wọ́n ti kan páànù tán, tí òjò ò sì wọlé mọ́? Ṣé omi ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìdáná? “Ó kù díẹ̀” kò lè dáhùn èyíkéyìí nínú wọn. Kí owó ìpele tó kàn má sì jáde àfi bí fọ́tò àti ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán bá ti jẹ́rìí sí ìdáhùn náà. Kì í ṣe pé a fura sí bíríkìlà. Ó ń dáàbò bo òun náà, torí ọjọ́ tó bá ti ṣe ìpele rẹ̀ tán, ó mọ̀ pé owó òun ti tó gbà.

Nínú ilé kíkọ́ náà la ti ń rí i pé dídúró méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí owó lè lé lọ: bí búlọ́ọ̀kù bá ń falẹ̀, wọ́n lè fi òṣìṣẹ́ kún un. Èkejì wà tí owó ò lè ràn. Kọ́ńkéré dẹ́kìn fẹ́ àkókò kó tó gbó. Agbára tó bá ní ní ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá tú igi tó gbé e dúró ṣáájú ọjọ́ tí ẹnjiníà dá fún un kò dín àkókò kù, ẹ̀mí èèyàn ló fi ń tajà. Nígbà tí ẹ bá ń ṣètò, ẹ fi àmì sí irú dídúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wá iṣẹ́ mìíràn tó lè máa lọ lábẹ́ rẹ̀: kí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹni tó ń ṣe iná kọ iye wáyà tó fẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kàn bí a ṣe ń fojú díwọ̀n àkókò. Ẹ̀dá èèyàn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, kọ̀wé nípa bí èèyàn ṣe máa ń ro iṣẹ́ tirẹ̀ sí kékeré, wọ́n sì pè é ní planning fallacy. Ní 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ iye ọjọ́ tí àwọn yóò fi parí iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde wọn. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, bí ọjọ́ 34 ni wọ́n dá. Bí ọjọ́ 55 ló gbà wọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn, bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ló parí ní ọjọ́ tí wọ́n sọ.

Ti àwọn ìjọba náà ò yàtọ̀. Ilé eré Sydney Opera House ní Ọsirélíà, wọ́n ní yóò ṣí ní 1963, yóò sì gba mílíọ̀nù 7 dọ́là ilẹ̀ wọn. Ọdún 1973 ló ṣí, owó tó gbà sì jẹ́ mílíọ̀nù 102. Ní Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin Blue Line ní 2010, ọdún 2011 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní yóò parí. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, kò gbé èrò títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, 2023. Àìsí owó lákòókò àti ìyípadà ìjọba wà lára ohun tó fà á sẹ́yìn. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: kì í ṣe pé ẹnjiníà ò mọ bí wọ́n ṣe ń to irin. Owó wà nínú ọ̀wọ́ tó gùn jù, bí òwú ṣe wà nínú ti aṣọ òkè, ẹni tó bá sì kọ gbogbo iṣẹ́ sínú ètò láìkọ ọjọ́ tí owó yóò wọlé, kò tíì ṣe ètò.

Kí ni kéèyàn wá ṣe? Ẹ má bi ara yín pé “ọjọ́ mélòó ni màá fi ṣe é?” Ọkàn yóò kàn ya àwòrán ọjọ́ tí ohun gbogbo lọ geere, tí iná wà, tí òjò ò rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kú nínú ẹbí ahunṣọ. Ẹ bi ara yín pé “ọjọ́ mélòó ló gba àwọn mẹ́ta tó ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn?” Ìdáhùn ìyẹn ti ní òjò nínú, ó ti ní àìsí iná nínú, ó ti ní ìsìnkú nínú. Kahneman fúnra rẹ̀ tẹnu mọ́ ọ̀nà yìí títí ó fi dàgbà, n kò sì mọ ìmọ̀ràn kan tó rọrùn tó o tí àwọn èèyàn sì ń kọ̀ jù ú lọ. Gbogbo wa la gbà pé tiwa máa yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí iṣẹ́ ńlá kan, ká wá sí ti ẹni tí iṣẹ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Télọ̀ ni n ó tún mú, torí iṣẹ́ wọn fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí Kérésì, aṣọ kún ilé. Oníbàárà mẹ́ta ń yọ ọ́ lẹ́nu, aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba ọjọ́ 2. Kí inú gbogbo wọn lè dùn, télọ̀ fọwọ́ kan ti gbogbo wọn: lónìí ti Ìyá Bọ́lá, lọ́la ti Alhaji, lọ́tùn-ún-la ti ọmọ ilé-ìwé, kó tó tún padà sí ti Ìyá Bọ́lá. Ẹ kà á: aṣọ Ìyá Bọ́lá yóò parí ní ọjọ́ 4, ti Alhaji ní ọjọ́ 5, ti ọmọ ilé-ìwé ní ọjọ́ 6. Ká ní ó jókòó ti ọ̀kan títí ó fi parí kó tó bọ́ sí èkejì, ọjọ́ 2 ni ti Ìyá Bọ́lá ì bá yọ, ti Alhaji ní 4, ti ẹ̀kẹta ní 6. Ẹnikẹ́ni ò pẹ́ sí i, àwọn méjì yá sí i. A ò sì tíì ka àkókò tó fi ń pààrọ̀ òwú, tó fi ń wá ibi tó gé dé, tó fi ń tún ìwọ̀n wò.

Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí a ò parí, owó tó há ni. Taiichi Ohno tó wà ní Toyota ní Japan mọ èyí. Láti bí ọdún 1950 lọ, ó ń wo bí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ṣe ń fi ọjà tuntun rọ́pò kìkì èyí tí oníbàárà bá ti mú, òun náà sì ṣètò ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wọn pẹ̀lú káàdì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kanban: bí káàdì ò bá tíì padà wá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀yà tuntun. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yá a lò lẹ́yìn ọdún 2000, láti ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ilé, ohun tó gbà ni ìwé mẹ́ta lára ògiri tàbí lára fíríìjì: Ohun Tó Wà Nílẹ̀, Ohun Tó Wà Lọ́wọ́, Ohun Tó Ti Parí. Òfin kan ṣoṣo ló gbé e ró, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: ohun tó wà lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ ju iye kan lọ, ká ní 3. Bí ẹ̀kẹrin bá wá, kó dúró sí “wà nílẹ̀” títí ọ̀kan yóò fi parí. Láìsí òfin yìí, ìwé lásán lẹ lẹ̀ mọ́ fíríìjì.

Ìṣirò kan tún wà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ lè ṣe. John Little, onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961: ẹ fi iye iṣẹ́ tó ń parí lójúmọ́ pín iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹ ó rí iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń lò níbẹ̀. Bí aṣọ 30 bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì jẹ́ pé aṣọ 3 ló ń jáde lójúmọ́, aṣọ tí ẹ gbé lọ lónìí yóò lo bí ọjọ́ 10, bó ti wù kí ẹnu ẹni tó gbà á dùn tó. Ẹ wo iye aṣọ tó wà lórí àga kí ẹ tó béèrè ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ owó, àkókò àti títóbi iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so kọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ kó yá kó sì pọ̀, yóò fowó kún un. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì ṣeé yẹ̀, kó dín iye ohun tó fẹ́ ṣe kù. Ohun tó burú ni kéèyàn kọ̀ láti yan ọ̀kan, torí pé dídára iṣẹ́ ni yóò wá san gbèsè náà, lábẹ́lẹ̀, níbi tí ojú ò tó.

Ẹ ó tún gbọ́ nípa ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Agile. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn èèyàn 17 tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pàdé ní Snowbird ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbà pé ó sàn kéèyàn ṣe díẹ̀, kó fi han oníbàárà, kó gbọ́ ohun tó sọ, kó tó ṣe díẹ̀ sí i, ju kó fi ọdún méjì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kì í ṣe fún ohun gbogbo. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ títà lè se abọ́ 20, kó tà á, kó yí ata padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ṣe fáúndéṣọ̀n kò lè yí i padà lẹ́yìn tí ilé bá ti gòkè. Ìbéèrè tí n ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé: bó bá bà jẹ́, èló ni yóò ná wa láti tún un ṣe? Bí kò bá ju kékeré lọ, ẹ dán an wò. Bó bá pọ̀, ẹ gbèrò rẹ̀ títí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Apá tó le jù nílẹ̀ wa ni ti èèyàn. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé “kí a wá ẹni tó máa ya fọ́tò”, èèyàn 14 á fi àtàǹpàkò sí i, ó sì di ìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lára. Àwọn yòókù lè ràn án lọ́wọ́. Òun nìkan ni a ó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ní orúkọ èèyàn méjì, ọ̀kan ń dúró de èkejì.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè? Lọ́pọ̀ ìgbà, àbúrò tó mọ̀wé, tó sì ń gbé nítòsí, ni ètò máa ń já lé léjìká, àwọn tí iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ àǹtí, bọ̀ọ̀dá àti ìyá àgbà. Kò lè kọ ọ́ sí gbangba pé “Àǹtí, ẹ ò tíì ṣe tiyín.” Ìjà ni. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òyìnbó kì í sábà sọ̀rọ̀ lórí èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ètò wa ti ń fọ́. Ọ̀nà tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ètò fúnra rẹ̀ máa béèrè, kí àbúrò sì máa bẹ̀bẹ̀ láti ṣèrànwọ́. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́, orúkọ àti ọjọ́ sínú ẹgbẹ́ náà ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, láìfi ọ̀rọ̀ kankan bá ẹnikẹ́ni wí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àǹtí lórí fóònù: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Télọ̀ ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gígé aṣọ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni mo lè bá yín sáré ṣe kí owó àwọn ti Abẹ́òkúta lè ti pé ní ọjọ́bọ̀?” Ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí wà nínú rẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá ti pọ̀ jù fún wọn, ìbéèrè yìí ń fún wọn láyè láti sọ ọ́ láìtẹ́.

Ohun èlò ò tó nǹkan. Ìwé ọmọ ilé-ìwé tó o, Google Sheets tó o bí àwọn kan bá wà lókè òkun, Trello, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dà bí ìwé mẹ́ta ara ògiri yẹn, náà ń ṣe é. Ẹni tí kò bá tíì mọ iṣẹ́ tó ń dúró de òmíràn, ohun èlò olówó iyebíye kan yóò bá a to àìmọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ ni. Ẹ dá ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí, kí ẹ bi ìbéèrè mẹ́ta: kí ló parí, kí ló há, ṣé ọ̀wọ́ tó gùn jù ti yí padà?

Nígbà tí àlejò bá ti lọ tán, tàbí tí ilé bá ti ṣí, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹ dá àga àti kánópì padà, ẹ san owó tó kù, ẹ gba owó ìdúró yín lọ́wọ́ àwọn tó ni gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà, kí ó tó kúrò lọ́kàn, ẹ ṣí ojú ewé tuntun. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ rò sí òsì, iye tó gbà gan-an sí ọ̀tún, àti ìdí tí wọn kò fi bára mu. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mú iye tí ẹ ó fi ṣe ètò tó ń bọ̀. Bí híhun tí ẹ pè ní ọ̀sẹ̀ 5 bá gba 7, ẹ kọ 7 nígbà míì, bí ahunṣọ bá tilẹ̀ búra pé 5 ni.